Ọwọ́ Òsì Bùkọ́lá

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìbínú Ìyáàfin Abigail Adéríbigbé ní ọdún 1988, ẹ sáà ti sọ fún un pé ẹsẹ̀ yíyá nìkan tó fún eré sísá. "Ẹsẹ̀ yíyá kẹ̀? Ewúrẹ́ náà ń sáré, ta ló fún un ní ife-ẹ̀yẹ?" Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní eré sísá ní ilé ìwé girama kan ní Ọ̀yọ́. Kò sí ẹni tó ń sáré lọ́dọ̀ rẹ̀ títí yóò fi mọ bí wọ́n ṣe ń dúró, bí wọ́n ṣe ń nawọ́, àti bí wọ́n ṣe ń gba ọ̀pá eré rélè, eré tí wọ́n ń fi ọ̀pá lé ara wọn lọ́wọ́, láìbojú wẹ̀yìn.

Ayé ti yí padà, ó jàre. Àwọn ilé ìwé tó kù ò ráyè kọ́ ọmọ mọ́. Sárésáré àyálò ni wọ́n ń kó wá, àwọn ọmọge tó ti jáde ìwé tipẹ́, wọ́n á wọ yúnifọ́ọ̀mù fún wọn. Ọ̀gbẹ́ni Ọládépò, ọ̀gá ilé ìwé, náà ti ń fojú sí i. "Ìyáàfin, bí ọ̀pá yẹn bá tún já bọ́ níbi ìdíje Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́tẹ̀ yìí, a ó yá tiwa lọ́dún tó ń bọ̀. Kí àwọn ọmọ yín padà sí kíláàsì."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ akínyẹmí ara, nítorí ọ̀pá ń já bọ́ lóòótọ́. Ibì kan náà ló ti ń bọ́: láàárín Bùkọ́lá àti Deborah ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọwọ́ òsì ni Bùkọ́lá fi ń gba ọ̀pá, òun náà ló yẹ kó fi fún Deborah. Ṣùgbọ́n tó bá ti kù díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, á sáré pa á dà sí ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀pá á sì balẹ̀.

"Bùkọ́lá, kí ló dé?"

Ọmọ náà dorí kodò. "Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n, mà. Mi ò lè fọwọ́ òsì fún wọn ní nǹkan."

Ìyáàfin fẹ́ pariwo, ẹ̀rín ló bọ́ sí i lẹ́nu. Ta ló máa bá ọmọ wí torí pé ó lẹ́kọ̀ọ́ ilé? Ó kàn ní kí àwọn méjèèjì máa rìn láràárọ̀, kí Bùkọ́lá máa fọwọ́ òsì gbé ọ̀pá fún Deborah. Bùkọ́lá ń ṣe é, ojú ń tì í.

Ọjọ́ pé ní Ògbómọ̀ṣọ́, pápá kún fọ́fọ́. Àwọn àyálò ti ṣíwájú. Bùkọ́lá gba ọ̀pá, ó fò fẹ̀rẹ̀. Ìyáàfin fọwọ́ bojú, ó ń yọjú láàárín ìka. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọmọ náà dé ọ̀dọ̀ Deborah, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gbéra.

"Mo gbé o!" ni Ìyáàfin wí.

Àfi bí Bùkọ́lá ṣe fa ọwọ́ ọ̀tún sẹ́yìn, tó na òsì síwájú, tó fi gbogbo ohùn kígbe pé, "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi, ọwọ́ òsì ni!"

Deborah gbà á mú, ó lọ. Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín. Níwájú wọn, àwọn àyálò méjì tí wọn ò tíì pàdé ara wọn rí ṣáájú ọjọ́ náà ń wá ọ̀pá nínú koríko.

Ipò kejì ni wọ́n gbé. Ìyáàfin jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tòun ti síkẹ́ẹ̀tì funfun, ara tù ú débi pé kò lè dìde. Ọ̀gbẹ́ni Ọládépò dé, ó ń nu omi ẹ̀rín lójú.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ọjọ́ wo lẹ ó bẹ̀rẹ̀ tọdún tó ń bọ̀?"

"Ẹ jẹ́ kí n mí ná, sà."