Ojú Ìyá Àgbà Lẹ́yìn Ọkọ̀

Nígbà tí mo wà ní kékeré, kò sí ohun tó bà mí lẹ́rù tó ọjọ́ tí a ní láti ṣí ojú ìyá bàbá mi kúrò lẹ́yìn ọkọ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi mọ àṣà náà: bí àgbàlagbà bá kú, wọn á tẹ àwòrán rẹ̀ sórí sítíkà, wọn á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọkọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀. Iléṣà la sin Ìyá Àgbà sí, ṣùgbọ́n ó wà lórí búùtù ọkọ̀ bàbá mi ní Òkè-Baálẹ̀, l'Óṣogbo, títí gèlè orí rẹ̀ fi ṣá nínú oòrùn.

Ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló kó wa sí wàhálà. Àwọn ẹbí ìyá mi sọ pé ọkọ̀ tó ní àwòrán òkú lẹ́yìn kò gbọdọ̀ gbé ìyàwó. Màmá Ìpetu, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, sì ránṣẹ́ láti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà pé òun ń bọ̀ wá gba àwòrán náà: "Ẹ ò gbọdọ̀ ya ojú ìyá mi o." Gbogbo wa la bẹ̀rù rẹ̀, títí kan bàbá mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí Màmá Ìpetu ń bọ̀, bàbá mi kó gbogbo abẹfẹ́lẹ́ inú ilé pamọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà ha ọ̀dà ọkọ̀. Ìyá mi gbé omi gbígbóná jáde, a ń fi aṣọ ìnura tẹ̀ ẹ́ mọ́ sítíkà náà kí gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ lè rọ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n fi èékánná ṣí etí rẹ̀, nítorí ọwọ́ mi kò wúwo. Ojo ni mí láti kékeré. Ìyá Àgbà tẹjú mọ́ mi bó ṣe máa ń ṣe tí mo bá sún mọ́ ìkòkò ẹran.

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ sítíkà: "Ìyá, ẹ má bínú. Ẹ rọra bá wa bọ̀." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó ku díẹ̀, ó dún fàà, ó ya níbi àgbọ̀n Ìyá Àgbà. Mo bú sẹ́kún. A tún fi omi gbígbóná rọ̀ ọ́ títí ìyókù fi ṣí. Gọ́ọ̀mù tó kù sára ọkọ̀, kẹrosíìnì la fi nù ún, a sì yára fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kí ọ̀dà má baà bàjẹ́.

Màmá Ìpetu dé, ó wo ibi tó ya, ó bi wá pé ta ló ṣí i. Bàbá mi nawọ́ sí mi. Màmá Ìpetu fà mí mọ́ra, ó tẹ́ àwòrán náà sáàárín ìró rẹ̀, ó sì wọlé.

Lóde òní, oògùn wà tí wọ́n ń fín sí i. Iṣẹ́ tó gba gbogbo ilé wa láàárọ̀ kan, ẹnì kan á ṣe é kí èèyàn tó mu omi inú ọ̀rá tán. Bàbá mi náà ti lọ, ojú tirẹ̀ ló wá wà lẹ́yìn ọkọ̀ mi. Lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀, mo gbé ọkọ̀ mi lọ fọ̀ ní Òṣogbo, mo jókòó ti fóònù. Ìgbà tí mo fi máa gbójú sókè, ẹ̀yìn ọkọ̀ ti mọ́ tónítóní. Ẹni tó fọ̀ ọ́ fi ọ̀yàyà sọ pé òun ti bá mi ṣí sítíkà yẹn dànù, òun ò sì ní gbowó lé e. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo bi í pé ibo ló jù ú sí.

Ó nawọ́ sí gọ́tà. Mo bọ́ bàtà mi, mo ká ìró mi sókè, mo sì wọ inú rẹ̀.