Àǹtí Fọlákẹ́, Ẹni Tó Ní Kí N Tún Ọ̀rọ̀ Náà Sọ

Háà, ẹ̀gbọ́n mi! Ó ti wá dìgbà o, Àǹtí Fọlákẹ́, ó sì yá jù. Láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ, n kò lè jókòó pẹ́ lójú kan.

Ọ̀mọ̀wé tí kì í fi ìwé halẹ̀ mọ́ni, bí ẹ̀dá ṣe ń pinnu ni ẹ fi ọdún púpọ̀ wádìí, àti bí a ṣe lè ṣàlàyé ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì fún ẹni tí kò kàwé láì tàn án jẹ. Yunifásítì nìkan kọ́ ni ẹ ti ṣe é. Ẹ máa ń jókòó lórí bẹ́ńṣì ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìdímù, láàárín àwọn ìyá ọlọ́mọ. Ẹ rí i pé bí nọ́ọ̀sì bá kọ́kọ́ sọ pé ara ọmọ lè gbóná lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àjẹsára, ọ̀pọ̀ á pọn ọmọ wọn, wọ́n á gbalé lọ. Bó bá kọ́kọ́ dárúkọ àrùn tí abẹ́rẹ́ náà ń dènà, wọ́n á dúró.

Nọ́ọ̀sì ní, "Dókítà, ẹ jẹ́ ká kúkú fo ti ara gbígbóná yẹn jàre."

Ẹ ní, "Rárá o, Sístà. Ẹ sọ méjèèjì. Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ tán, ẹ tún un sọ, kí èyí tó gbẹ̀yìn wá ṣáájú. Ọmọ wọn ni, kì í ṣe tiwa."

Nígbà tí àìsàn dé bá yín, èmi ni dókítà tó ń tọ́jú yín pè sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní iṣẹ́ abẹ lè wò yín sàn, ẹ sì lè má jí níbẹ̀. Bí a kò bá ṣe é, oṣù díẹ̀ ló kù. Mo dé ọ̀dọ̀ yín ní Ẹ̀gbẹ́dá, mo ní, "Àǹtí, dókítà ní iṣẹ́ abẹ máa wò yín sàn."

Ẹ wò mí, ẹ rẹ́rìn-ín. "Akin, ìwọ tó ń kọ ìtàn ìlú, o wá fẹ́ yọ ojú ìwé kan kúrò nínú tèmi, àbí? Tún un sọ. Bẹ̀rẹ̀ níbi tó ń bà ẹ́ lẹ́rù."

Mo tún un sọ. Mo fi pé ẹ lè má jí ṣáájú, mo wá sọ ìyókù. Ẹ mu omi, ẹ ní, "Màá ṣe é."

Ẹ kò jí.

Àwọn ẹbí ń bi mí pé kí ló dé tí n kò dá yín dúró. Ìbéèrè tèmi yàtọ̀: ṣé ìròyìn dídùn tí mo kọ́kọ́ gbé wá ló ṣì wà lọ́kàn yín nígbà tí ẹ pinnu? Mo ń rin pálọ̀ yín lọ, mo ń rìn ín bọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ yàn án. N kò ní gba ìyẹn lọ́wọ́ yín torí kí ọkàn tèmi lè balẹ̀. Ẹ sùn re o, ọmọ ìyá mi.