Arvid Niskanen àti Bíróò Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n

Bí ẹ bá dé Tamarack Bay létí adágún Superior, tí ẹ sì dárúkọ olóògbé Arvid Niskanen, ọ̀rọ̀ bíróò ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ fún yín. Wọn ò ní sọ pé ó ṣiṣẹ́ ọgbọ̀n ọdún ní èbúté tí wọ́n ti ń kó irin sínú ọkọ̀ ojú omi. Wọn ò sì ní sọ pé ó lè jẹ kéèkì mẹ́fà láìmu omi lé e. Bíróò ni.

Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ bíróò bẹ̀rẹ̀, ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí a ka àwọn aláìnílé ìlú wa. Gbogbo oṣù January ni a máa ń kà wọ́n, ní ìdájí ọjọ́ kan ṣoṣo, kí ìjọba lè mọ iye ẹni tó sun ìta lóru tó ṣáájú. Àwọn olùyọ̀ǹda mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n péjọ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì Lutheran láti kọ́ bí wọn yóò ṣe ṣe é, Arvid sì ni olùkọ́. Ó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní fọ́ọ̀mù kan àti bíróò kan. Ó ní kí wọ́n máa kọ gbogbo ohun tí òun bá wí sílẹ̀, nítorí pé òun kì í tún ọ̀rọ̀ sọ.

Bíróò kò kọ. Gordon Skaar, ọ̀gá báńkì tó ti fẹ̀yìn tì, gbọn tirẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Obìnrin tó jókòó tì í fi tirẹ̀ ha àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà. Ẹnì kan ń mí èémí gbígbóná sí ẹnu bíróò tirẹ̀ bí ẹni ń tọ́jú ọmọ ẹyẹ. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń kọ ọ́ lọ bẹ́ẹ̀, láìsí ohun tó ń hàn lórí ìwé, wọ́n ń mi orí, wọ́n sì ń ṣí ojú ewé. Ogójì ìṣẹ́jú gbáko, ẹnikẹ́ni kò nawọ́ sókè.

Arvid wá dákẹ́. Ó bi wọ́n pé bíróò ta ló ń kọ. Gbogbo wọn ń wo ilẹ̀. Gordon ní tòun ò fi bẹ́ẹ̀ burú.

"Kò burú bíi báwo?"

"Ó dáa bó ṣe wà yìí náà. Ẹ má ṣèyọnu."

"Èmi ni mo fa íǹkì inú gbogbo wọn dà nù lánàá," ni Arvid wí. "Inú ooru lẹ jókòó sí, kọfí ń bẹ lọ́wọ́ yín, ẹ ò lè sọ pé bíróò yín ò kọ. Lọ́sẹ̀ méjì òní, ẹ óò bá ẹnì kan lábẹ́ afárá, irùngbọ̀n rẹ̀ á ti dì gbagidi, á ní kò sí wàhálà. Ẹ̀yin náà á sì gbà á gbọ́."

Ọ̀rọ̀ náà kọjá àwàdà. Yàrá ìyáná kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí ẹni tí kò nílé ti lè sùn ní gbogbo ìgbà òtútù. Lọ́dún tó ṣáájú, èèyàn méjìdínlógójì péré ni a kà. Ìjọba ìbílẹ̀ wá ní bí iye náà bá tún rí bẹ́ẹ̀, àwọn ò ní fowó sí i mọ́, kí á ti yàrá náà pa. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé méjìdínlógójì kì í ṣe òótọ́. Abẹ́ afárá kan ṣoṣo fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ń ba iṣẹ́ wa jẹ́ kò ju ìwà ọmọlúàbí lọ. Nílùú wa, bí wọ́n bá fi kọfí lọ̀ ọ́, wàá kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí o tó gbà á lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹni tó bá gbà á lẹ́ẹ̀kan náà, ará Chicago ni, a ó sì máa ṣàánú rẹ̀. Àwọn olùyọ̀ǹda mọ òfin yìí dáadáa nínú pálọ̀ ara wọn. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá dé ìta, wọn á bi èèyàn lẹ́ẹ̀kan, onítọ̀hún á ní rárá, ara òun le, wọn á ní ó dàbọ̀, wọn á sì gbé fọ́ọ̀mù òfìfo wálé pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́.

Arvid ní ìgbà mẹ́ta ni kí wọ́n máa bi èèyàn. "Ẹ má wo ẹnu, ẹ wo ìbọ̀wọ́. Ẹnu lè máa kọ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́, àmọ́ ẹni tó bá ti bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ ti dá yín lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni." Ẹnì kan bèèrè pé tó bá kọ̀ lẹ́ẹ̀kẹta ńkọ́. Arvid ní kí wọ́n fún un ní ìbọ̀sẹ̀, kí wọ́n máa lọ, nítorí pé ọlọ́pàá ló ń béèrè lẹ́ẹ̀kẹrin.

Lẹ́yìn náà ni ó kọ́ wọn ní òfin ajá. Ó ní ẹni tó bá ní ajá, ajá rẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ kí. Ẹni tí kò sẹ́ni tó wo ojú rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta, àwọn èèyàn ṣì ń wo ojú ajá rẹ̀. Ẹ bèèrè orúkọ ajá, á sọ tirẹ̀ mọ́ ọn. Kò sí ajá ní ṣọ́ọ̀ṣì, ni Arvid bá lọ wọ́ àgùntàn onípákó tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré Kérésìmesì jáde. Ó jókòó sórí páálí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fa fìlà bojú, ó ní kí Gordon wá ka òun.

Gordon tún táì rẹ̀ ṣe. Ó kọjú sí àgùntàn, ó tẹrí ba díẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ o."

"Ṣé bàbá ẹ ni?" ni Arvid wí lábẹ́ fìlà. "Ajá ni."

"Àgùntàn ni mo rí."

"Ohun tí o rí kọ́ ni mo bi ọ́. Bèèrè orúkọ rẹ̀."

Gordon bèèrè. Arvid ní Haugland ló ń jẹ́. Gbogbo yàrá tú sẹ́rìn-ín, Gordon nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, torí pé ó ń fi bíróò gbígbẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Curtis Haugland ni òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tó ń bójú tó ìkànìyàn náà. Ó ní ìwé òfin kan tó nípọn bí búrẹ́dì, tó sọ ẹni tó jẹ́ aláìnílé àti ẹni tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín òun àti Arvid ni àwọn ahéré tí àwọn apẹja máa ń kàn sórí adágún nígbà tí omi rẹ̀ bá dì di yìnyín. Arvid ní kí wọ́n ka ẹni tó ń sùn níbẹ̀. Haugland ní ó nílẹ̀kùn, ó ní sítóòfù, ilé ni.

"Ta ló ń gba owó ilẹ̀ rẹ̀?" ni Arvid bèèrè.

"Kò sí ilẹ̀ níbẹ̀. Omi ni."

"Ilé wo ló máa ń rì tí yìnyín bá yọ́ lóṣù April?"

Haugland ṣí ìwé rẹ̀ síwá sẹ́yìn. Ìwé náà kò dárúkọ April. Haugland kì í ṣe èèyàn burúkú, ó kàn fẹ́ kí ọ̀rọ̀ parí kó tó di àsìkò oúnjẹ ọ̀sán ni, ó wá ní bóyá kí wọ́n ka ẹni bẹ́ẹ̀ sí ìdajì èèyàn. Arvid ronú sí i bí ẹni ń ná màlúù. Ó ní òun gbà, kí Haugland sáà sọ fún òun èwo nínú ìdajì méjèèjì ló nílé, tòkè ni àbí tìsàlẹ̀.

"Ta lẹ tilẹ̀ mọ̀ tó ń gbébẹ̀?"

"Mo mọ ẹnì kan," ni Arvid wí.

Lọ́jọ́ kejì ó mú Haugland lọ jókòó nínú ọ̀kan lára àwọn ahéré náà fún wákàtí kan. Arvid ti gbàgbé ìṣáná sílé, bẹ́ẹ̀ ló wí, sítóòfù kò sì ṣeé tàn. Ìwé tí Haugland fi gbà pé ahéré orí omi kì í ṣe ilé ṣì wà lọ́fíìsì wọn dòní. Ẹ óò mọ̀ ọ́n, òun nìkan ni ìwé ìjọba tí ìkọ̀wé rẹ̀ ń gbọ̀n.

Ọjọ́ ìkànìyàn dé. Àwọn olùyọ̀ǹda jáde ní ìdájí pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀, kọfí àti pẹ́ńsùlù. Wọ́n kí ajá, wọ́n wo ìbọ̀wọ́, wọ́n bèèrè lẹ́ẹ̀mẹta. Gordon nìkan ni kò lè ṣe é. Ẹnì kan ní rárá fún un, Gordon ní kó jọ̀ọ́, kó má bínú, ó sì tẹrí ba fún ajá ọkùnrin náà kó tó lọ. Láti ọjọ́ náà, ìgò kọfí ni Arvid ní kó máa gbé. Mẹ́tàdínlọ́gọ́fà ni iye tí wọ́n kà. Ìjọba ìbílẹ̀ ní kí wọ́n tún un kà, wọ́n tún un kà, ó di méjìdínlọ́gọ́fà, ni Haugland bá ní ó tó, kí wọ́n má kà á mọ́. Wọn ò ti yàrá ìyáná pa.

Ọdún mẹ́jọ ni Arvid fi fa íǹkì inú bíróò dà nù bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìlú ti mọ̀, síbẹ̀ ọdọọdún ni èèyàn máa ń jókòó tí wọ́n ń gbọn bíróò. Oṣù March tó kọjá ló kú, lójú oorun, nínú yàrá rẹ̀ tó wà lókè ilé ìfọṣọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú, a jókòó sí yàrá abẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, a jẹ ọ̀dùnkún àti ẹran tí wọ́n yan pọ̀, a mu kọfí. Ìtàn bíróò ni gbogbo wa ń sọ. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀ ni Marlys Tollefson, akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì, ní a ò tíì mọ ìdí bíróò.

Ó ní ọdún méjì kí Arvid tó di olùkọ́, òun rìn lọ sórí adágún lọ́jọ́ ìkànìyàn, òun kan ilẹ̀kùn ahéré kan. Arvid ló ṣílẹ̀kùn. Gbogbo wa rò pé ẹja ló ń pa níbẹ̀. Marlys bi í bóyá ibẹ̀ ló sùn. Arvid ní ẹ má ṣèyọnu. Marlys kí i pé ó dàbọ̀, ó sì lọ. Lọ́dún kejì ó tún débẹ̀, Arvid tún ní kò sí wàhálà. Marlys fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n òtútù ti mú kí bíróò rẹ̀ dì. Ó ń gbọn ọ́n, ó ń gbọn ọ́n, ojú ń tì í, ló bá kàn tún bi í. Bíróò ò kọ síbẹ̀, ló bá bi í lẹ́ẹ̀kẹta.

"Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀," ni Marlys wí. "Òun ni ẹni kejìdínlógójì. Ó ní, 'Marlys, ọdún kan gbáko ni mo fi dúró de ìbéèrè ẹlẹ́ẹ̀kejì.'"

Lórí tábìlì, kéèkì kan ṣoṣo ló kù nínú àwo. Nílùú wa, ẹnikẹ́ni kì í mú èyí tó kẹ́yìn. Wọn á gé e sí méjì, wọn á gé ìdajì sí méjì, títí yóò fi di ìyẹ̀fun. Arvid ló máa ń mú un, á ní òun ń gba ìjọ lọ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, a kàn ń wò ó.

Ọkùnrin kan tí a kò mọ̀ rí wà nídìí ibi tí a fi aṣọ òtútù kọ́ sí, ó dúró bí ẹni tó fẹ́ lọ ṣùgbọ́n tí kò tíì lọ. Gordon Skaar ló dìde. Ó gbé àwo náà, ó rìn lọ bá a.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa jẹ kéèkì yìí."

"Ẹ ṣé, mo ti yó."

Gordon wo ilẹ̀. A rò pé yóò padà. "Ó dùn o. Ẹ mú un."

"Rárá, ẹ má ṣèyọnu rárá."

Gordon gbé àwo náà sọ́wọ́ kejì, kò kúrò níbẹ̀. "Ẹ mú un, kí ẹ wá jókòó tì mí," ló wí.

Ọkùnrin náà wò ó títí. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí fa ìbọ̀wọ́ rẹ̀ bọ́, ọ̀tún kọ́kọ́, kó tó kan ti òsì.