Imú Ọkùnrin Òkúta

Tí ẹ̀gbọ́n màmá mi bá wọlé wa ní Ayétòrò, àwa ọmọ á ti dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n ère orí tábìlì ló kọ́kọ́ máa ń kí. “Ẹ kú ilé o. Ṣé kò sí ìjà?”

Iṣẹ́ òkúta mábù ló ń ṣe ní Ìlaròó. Èyí tó bá ṣẹ́ kù lára mábù ilé àwọn olówó ló fi ń gbẹ́ ère, orí lọ́tọ̀, ara lọ́tọ̀, ọwọ́ lọ́tọ̀, kò sì ní lẹ̀ wọ́n pọ̀ láéláé. Ó gbẹ́ ọkùnrin kan àti obìnrin kan fún ìgbéyàwó àwọn òbí mi. “Èmi gbẹ́ ẹ ni,” á ní, “ẹ̀yin lẹ máa tò ó.”

Bí màmá mi bá ń bínú, á yí orí obìnrin náà sí ògiri. Bí bàbá mi bá fẹ́ bẹ̀bẹ̀, á gbé ọkùnrin náà sún mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ Kérésì kan, ẹ̀gbọ́n bá ère méjèèjì tí wọ́n kẹ̀yìn síra. Màmá ní kó bá àwọn yí wọn padà.

“Ọwọ́ mi ò sí níbẹ̀ mọ́. Má tíì bu ìrẹsì fún mi o, ó dìgbà tí wọ́n bá kojú síra.”

Lójijì, àwọn òbí mi nawọ́ pọ̀, oníkálukú yí orí ère tirẹ̀, orí méjèèjì sì kọlu ara wọn, gbàù! Imú ọkùnrin náà já bọ́.

Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó he imú náà, ó fi lé màmá mi lọ́wọ́: “Mo ti fi ọ̀kan kún un fún yín. Ẹ máa tò ó.”

Títí dòní, àtẹ́lẹwọ́ obìnrin òkúta yẹn ni imú ọkọ rẹ̀ wà.