Kóòdù Tó Lọ Sórí Fóònù Alhaja

Kí n tó dá dúró, orúkọ Alhaja ni mo fi ń kó ọjà wọ̀lú. Alhaja ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó tí wọ́n bí sínú òwò. Bí a ṣe ń ṣe é nílẹ̀ wa, ọkọ mi ni òun náà, kò sì fi ipò yẹn ṣeré rárá. Òun ló wá ṣọ́ọ̀bù fún mi ní Bajulaiye láàárín àwọn atẹ̀wé, òun ló sì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ pa bébà wò kí n tó rà á. Bébà, íǹkì àti pléètì tí wọ́n fi ń tẹ̀wé ni mò ń tà. Nígbàkigbà tí kọ̀nténà rẹ̀ bá ń bọ̀ láti òkè òkun, ó máa ń ní kí wọ́n fi àyè kan sílẹ̀ fún ẹrù mi lẹ́nu ilẹ̀kùn gan-an. Bí wọ́n bá ti ṣí i, á kọjú sí àwọn aláàárù, á ní, “Ẹrù ìyàwó ló ń kọ́kọ́ sọ̀.” Wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo gbádùn rẹ̀ fún ọdún púpọ̀, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n èmi náà ní ìgbéraga tèmi. Gbogbo àdúgbò ló ń pè mí ní ọmọ Alhaja, bí ẹni pé mo kàn ń bá a jókòó ti ọjà ni. Iléeṣẹ́ kan ní Palmgrove wá fẹ́ kí n máa kó bébà fún wọn, wọ́n ní kí n mú ìwé tó fi hàn pé èmi gan-an ni mò ń kó ọjà wọlé. Orúkọ Alhaja ló wà lórí gbogbo èyí tí mo kó lọ. Ọ̀gá ibẹ̀ wo ìwé, ó wò mí, ó ní, “Madam, ẹ sọ fún ọ̀gá yín kí wọ́n fúnra wọn wá.” Inú bí mi dé gongo. Kí n tó padà dé Bajulaiye, mo ti pinnu pé màá forúkọ ara mi sílẹ̀ lójú òpó kọ́sítọ́ọ̀mù lórí ayélujára.

Mi ò sọ fún Alhaja. Mo rò pé bí mo bá sọ ọ́, á dà bí ẹni pé oore rẹ̀ ti sú mi. Mo ní kí n ṣe é tán ná, bó bá ti parí, ọ̀rọ̀ á rọrùn. Mo fi tó ọkọ mi létí, ìyẹn àbúrò Alhaja. Ó ní òun kò sí níbẹ̀, òun kò gbọ́, kí n má sì da òun sí i.

Obìnrin kan ní ilé kọ̀ǹpútà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, òun ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ orúkọ kọ́ńpìnnì mi, ó tẹ nọ́ńbà owó orí mi. Ojú òpó náà ní òun ti fi kóòdù ránṣẹ́ sórí fóònù tó wà pẹ̀lú nọ́ńbà owó orí yẹn. Mo gbé fóònù mi lé ọwọ́, mo ń retí. Nǹkankan ò wọlé.

“Mummy, ẹ wá wò ó,” obìnrin náà wí. “Nọ́ńbà yìí ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí. Ṣé tiyín ni?”

Wọ́n ti bo nọ́ńbà náà, ìparí rẹ̀ nìkan ló hàn. Ti Alhaja ni. Nígbà tí mo fẹ́ gba nọ́ńbà owó orí, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já fóònù gbà lọ́wọ́ mi ní Bàrígà ni, Alhaja bá ní kí wọ́n kọ ti òun sí i. Báyìí là ń ṣe nínú ẹbí wa. Àgbà kan á wà tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí ìwé gbogbo ilé, ti báńkì, ti iléèwé ọmọ, ti iná mọ̀nàmọ́ná. Mo ti gbàgbé pátápátá.

Mi ò tíì mọ ohun tí màá ṣe tí fóònù mi fi dún. Alhaja ni.

“Ìyàwó mi, níbo lo wà?” Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. “Àwọn yahoo ti mú orúkọ ẹ o! Kọ́sítọ́ọ̀mù fi OTP ránṣẹ́ sí mi, orúkọ kọ́ńpìnnì ẹ ló wà nínú ẹ̀. Mi ò fún ẹnikẹ́ni, mi ò sì ní fún ẹnikẹ́ni. Mò ń bọ̀.”

“Alhaja, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu...”

“Ṣé kí n máa wò wọ́n kí wọ́n kó ẹ jẹ ni? Dúró dè mí!”

Ó ti gé e. Mo lè pè é padà kí n sọ òtítọ́ níbi tí kò ti ní rí ojú mi. Mi ò pè é. Mo kàn jókòó síbẹ̀, mò ń yí fóònù lọ́wọ́ bí òmùgọ̀.

Orúnkún Alhaja ti ń dùn ún tipẹ́, kì í sábà jáde bí oòrùn bá mú. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí kéke kan fi dúró níwájú wa, òun ló sì sọ̀ kalẹ̀. Híjáàbù rẹ̀ ti yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bàtà inú ilé ló wọ̀, ó di fóònù mọ́ àyà kí ẹnikẹ́ni má baà gbà á. Ó ti ń pariwo kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. “Ẹ bá mi ṣọ́ ìyàwó mi o! Àwọn olè ti rí orúkọ ẹ̀!” Àwọn atẹ̀wé pa ẹ̀rọ, wọ́n jáde síta.

Mo ní, “Alhaja, èmi ni.”

“Ìwọ ni kí ni?”

“Èmi ni mò ń forúkọ sílẹ̀. Kì í ṣe olè, ma.”

Ojú tì mí, kì í ṣe kékeré. Mo kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, bàtà inú ilé yẹn nìkan ni mo lè wò. Eruku ọ̀nà ti bo àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Dìde,” Alhaja wí. “Àwọn èèyàn ń wò wá.”

Ó wọlé, ó jókòó ti obìnrin kọ̀ǹpútà, ó ní kó béèrè kóòdù mìíràn, torí ti àkọ́kọ́ ti kọjá àkókò. Nígbà tó dé, ó wọ awò ojú rẹ̀, ó sì ka kóòdù náà jáde díẹ̀díẹ̀ kí obìnrin náà má baà ṣì í tẹ̀. Obìnrin náà béèrè bóyá kí òun fi nọ́ńbà tèmi rọ́pò ti Alhaja. Kí n tó la ẹnu, Alhaja ti ń ka nọ́ńbà mi fún un láti orí, láìwo fóònù. Èmi, ìparí tirẹ̀ nìkan ni mo mọ̀.

Kò bú mi. Ara ìbá tù mí bó bá bú mi, torí mo mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ ẹni tó ń bínú. Nígbà tó ń wọ kéke padà ló tó yíjú sí mi.

“Àyè ẹrù ẹ nínú kọ̀nténà tó ń bọ̀ ńkọ́? Ṣé kí n gbé e fún ẹlòmíì?”

Mo ṣáà ń sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ma, ẹ jọ̀ọ́,” títí kéke fi gbéra.

Ìforúkọsílẹ̀ náà yọrí. Mo gba iṣẹ́ Palmgrove, mo sì fi ẹrù mi sínú kọ̀nténà mìíràn lórúkọ ara mi. Inú mi dùn sí i, ṣùgbọ́n mi ò lè fi ìwé náà han ẹnikẹ́ni nínú ẹbí.

Nígbà tí kọ̀nténà Alhaja dé, mo lọ kí i níbi tó ń kẹ́rù sí ní Bàrígà, nítorí ìyàwó ilé kì í jókòó sílé lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn. Láti inú lọ́hùn-ún wá, ẹrù kún dé òrùlé. Ẹnu ilẹ̀kùn níbẹ̀, níbi tí tèmi máa ń wà, kò sí nǹkankan. Àwọn aláàárù dúró, wọ́n ń wo Alhaja, wọ́n ń retí ohun tó máa ń sọ.

“O ò dá mi lóhùn lọ́jọ́ yẹn,” ó wí fún mi. “Mo ní kí wọ́n má dí i.”