Pásíwọ́ọ̀dù tí Olùkọ́ Mi Kò Kọ Sílẹ̀

Ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní Emùré ni ọkùnrin tí mo ń pè ní Sà ti kọ́ mi ní kọ̀ǹpútà, nígbà tó jẹ́ pé méjì péré ni gbogbo kíláàsì wa ń pín lò. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, tó padà sí ilé rẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́, ó ránṣẹ́ pè mí, a sì jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Sáfà la ń tọ́jú, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà tí ilé ìwé àti ilé ìwòsàn aládàáni ń kó àkọsílẹ̀ wọn sí. Kò sí ìkankan nínú wọn lọ́dọ̀ wa. Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n wà. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì la ń gbà wọ̀ wọ́n láti inú yàrá kan lẹ́yìn ilé Sà.

Nígbà tí sáfà wa jẹ́ mẹ́rin, orí la fi ń rántí wọn. Nígbà tí wọ́n di mọ́kàndínlógún, mo wọ ti ilé ìwòsàn kan lọ́jọ́ kan, mo rò pé ti ilé ìwé ni. Díẹ̀ ló kù kí n pa orúkọ àwọn aláìsàn rẹ́ kí Sà tó di ọwọ́ mi mú. Ọjọ́ yẹn ló ní ká wá sọfútíwíà tí yóò kó orúkọ wọn àti ọ̀nà tí a ń gbà wọ̀ wọ́n jọ sójú kan.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi yẹ̀ wọ́n wò. Èkíní wù mí lójú, ṣùgbọ́n ó wúwo, láptọ́ọ̀pù mi a máa gbóná bí áyọ́ọ̀nù. Èkejì gba ẹni méjì láyè láti jọ lo àkójọ kan, kálukú pẹ̀lú pásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀. Òun ni mo fẹ́. Sà kọ̀ ọ́, nítorí ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe é ni àkójọ náà ń gbé. Ó ní ohun tí àwọn èèyàn fi sí wa níkàáwọ́ kò gbọdọ̀ kúrò lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀kẹta ló mú: inú láptọ́ọ̀pù tirẹ̀ nìkan ni gbogbo rẹ̀ wà, pásíwọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ló ń ṣí i.

Mo bi í pé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí i ńkọ́.

"Ṣé o rò pé mo fẹ́ kú ni?"

Ojú tì mí, mo tọrọ àforíjì. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó ní òun á kọ ọ́ fún mi tó bá yá. Mi ò béèrè mọ́.

Kò pé oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà tí rọpárọsẹ̀ kọlù ú nínú oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Apá ọ̀tún rẹ̀ kú, ohùn rẹ̀ sì lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni sáfà ilé ìwé kan dákẹ́ nígbà tí wọ́n fẹ́ tẹ èsì ìdánwò jáde, mi ò sì rí ọ̀nà wọ̀ ọ́. Ní ọjọ́ kẹrin, mo wọ ọkọ̀ láti Emùré lọ bá a ní ilé ìwòsàn láìfẹnu kan nǹkan kan. Mo mú ìwé àti bírò dání.

Mo kí i. Mo kí ìyàwó rẹ̀, tí mo ń pè ní Mọ́mì. Lẹ́yìn náà mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí etí rẹ̀.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, pásíwọ́ọ̀dù."

Mo fi bírò sí ọwọ́ òsì rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó kọ ọ́ tán, òógùn sì bò ó. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni J, 3, U àti N. Mo dúpẹ́, mo sì sáré jáde. Mi ò tilẹ̀ jókòó.

Nínú yàrá lẹ́yìn ilé, mo tẹ ẹ́ ní lẹ́tà ńlá, mo tẹ ẹ́ ní kékeré, mo yí i po. Kò ṣí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí mo ṣe ń múra láti padà lọ bi í, Mọ́mì pè mí pé Sà ti lọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo mú ìwé náà tọ Mọ́mì lọ, mo bi í bóyá ó mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Òun ló ń ka ohun tí ọwọ́ òsì yẹn ń kọ láti ọjọ́ tí Sà ti dùbúlẹ̀. Kò pẹ́ tó fi rí i.

"Jẹun ló kọ, Ẹ tó yí sódì ni 3 yẹn," ó ní. "Ó rí i pé ebi ń pa ọ́. Nígbà tí o jáde, ó ń nawọ́ sí oúnjẹ tí mo gbé wá. Kò ro ti iṣẹ́ kankan lọ́jọ́ náà."

Ó rọra gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó ní òun fẹ́ tọ́jú rẹ̀.

Mo tọ àwọn oníbàárà lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè bá mi gba ọ̀nà tuntun sí sáfà wọn. Àwọn méjì fi wá sílẹ̀. Àwọn tó kù kọ́kọ́ ń bá mi kẹ́dùn kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ mìíràn, ìyẹn ló sì wúwo jù, nítorí mo mọ ohun tí mo ṣe ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn Sà.

Sọfútíwíà kejì yẹn ni mo wá mú. Inú mi kò dùn pé èmi ni mo jàre. Oṣù mélòó kan ni mo fi dá a lò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fi orúkọ ọ̀dọ́bìnrin kan láti Ìkẹ́rẹ́ sí i, kó lè máa bá mi ṣiṣẹ́. Ó bi mí pé ta ló kọ́ mi. Omi bọ́ lójú mi kí n tó lè dá a lóhùn.