Erùpẹ̀ Tí N Kò Dà Sára Òkú

Kí òmìnira tó dé, tíṣà wa ní Ọ̀wọ̀ sọ ìtàn àtijọ́ àwọn Gíríìkì kan di eré: ọba ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sin òkú kan, àmọ́ àbúrò òkú náà sin ín. Èmi ni wọ́n fi ṣe àbúrò tí yóò da erùpẹ̀ bo òkú. Ìyá mi fárígá: "O ò gbọdọ̀ da erùpẹ̀ sára alààyè o!"

Lọ́jọ́ eré, iwájú ló jókòó sí, ó ranjú mọ́ mi. Ẹ̀gbẹ́ ọmọ kíláàsì mi tó dùbúlẹ̀ bí òkú ni mo da erùpẹ̀ sí.

Ọba jágbe: "Ṣé ìwọ lo sin ín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni" ló yẹ kí n wí. Mo ní, "Rárá, Kábíyèsí, n ò sin ín."

Eré tán síbẹ̀. Ọba ń wo tíṣà, tíṣà ń wo ilẹ̀. Ìyá mi nìkan ló pàtẹ́wọ́.